Àdúrà Tí Pásítọ̀ Tak Kò Lè Gbà

Ọ̀rẹ́ mi, ènìyàn lè máa gbé inú ilé Ọlọ́run kí ó sì sọnù síbẹ̀. Ẹni tó bá sọnù sínú igbó, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò wá a kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọnù sórí pẹpẹ, ta ni yóò mọ̀ pé kò sí ńlé? Àtẹ́wọ́ ni wọn yóò máa pa fún un.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún Pásítọ̀ Tak Jun-ha, ní ìlú Samcheok, létí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kòríà.

Kì í ṣe ọ̀mùtí. Kò fẹ́ obìnrin mìíràn lé Seo-in ìyàwó rẹ̀. Kò fọwọ́ kan owó ìjọ. Bí o bá ń wá irú ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ń yọ ṣùtì sí, o kò ní rí i lára rẹ̀. Ohun tó ṣe é ni pé iná inú rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó fura, nítorí èéfín ṣì ń rú.

Abúlé Hanti, lẹ́sẹ̀ òkè, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Opó kan tó ń gbin ata, Màmá Cha, ló yọ̀ǹda àgọ́ ọ̀rá tó fi ń bo ohun ọ̀gbìn rẹ̀ fún un. Ata gbígbẹ wà lápá kan, àwọn olùjọ́sìn wà lápá kejì. Bí orin bá ti ń ròkè, ata a mú wọn, wọn a máa sín, wọn a sì máa fi ẹ̀rín parí orin. Ní ìdájí, òun, Seo-in, àti àwọn arúgbó Hanti a ti wà lórí eékún. Nígbà náà, Pásítọ̀ Tak mọ ẹni tí orúnkún ń dùn, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò pè lórí fóònù, ó sì ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Olúwa.

Ìjọ náà gbèrú. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ìgboro, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan tí kò ní fèrèsé rárá, nítorí ìtànṣán oòrùn a máa ba àwòrán jẹ́ lójú kámẹ́rà.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò dànù nínú ìsìn wọn. Àdúrà fún àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ó gùn jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yọ àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí olúkúlùkù fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń wo ìsìn lórí fóònù yóò rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Àdúrà ìdájí di ti àwọn igbákejì. Ìwàásù pàápàá, àwọn kan ló ń bá pásítọ̀ kọ ọ́. Tirẹ̀ ni kí ó kà á, kí ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n.

Nísinsìnyí, ohun àkọ́kọ́ tí Pásítọ̀ Tak máa ń bèèrè ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni pé, "Àwọn tó ń wò wá ti pọ̀ tó?"

Bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Maeng. Òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí Pásítọ̀ Tak rì bọmi ní Hanti. Kùsà èédú ni bàbá náà ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, eruku èédú sì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò sí ìsìn tí kì í wú ikọ́, máíkì a sì máa gbé ikọ́ náà kiri gbogbo gbọ̀ngàn.

Lọ́jọ́ kan, Alàgbà Bong, ẹni tó ń ṣètò ìsìn, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi fún ikọ́ Bàbá Maeng ní aṣọ akọrin o. Kò tíì pa orin kankan jẹ rí."

Pásítọ̀ Tak rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó gbogbo àwọn arúgbó Hanti lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa wo ìsìn lójú tẹlifíṣàn. Wọ́n ní ibẹ̀ móoru, ibẹ̀ ló tù wọ́n lára jù. Bàbá Maeng ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba, ó ní, "Ó dáa náà. Olúwa á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú."

Ọ̀rọ̀ náà kò dun Pásítọ̀ Tak. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, àmì kan nìyẹn. Nígbà tí ohun tó yẹ kó dun olùṣọ́-àgùntàn kò bá dùn ún mọ́, ó ti ń kú lọ.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ gbọ̀ngàn náà pé. Ìgbà ìrúwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Yìnyín kò bọ́ dáadáa ní ọdún náà, òjò kò rọ̀, ewé igi páìnì tó bọ́ sílẹ̀ ti gbẹ bí ìṣáná. Láti àárọ̀ ni atẹ́gùn orí òkè ti ń fẹ́ bọ̀ sí òkun, atẹ́gùn gbígbẹ tí àwọn ará etíkun mọ̀, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù. Ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìlú ń kìlọ̀ léraléra pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun koríko lóko.

Àlejò pọ̀. Àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn ń bọ̀ láti olú-ìlú. Bí Pásítọ̀ Tak ṣe ń de táì níwájú dígí nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé, Pyo Min-gyu. Wọ́n jọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ni. Àwọn apẹja ní èbúté ni Pyo ń ṣe pásítọ̀ fún, òórùn ẹja kì í sì í kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Jun-ha, wọ́n ní o ò rán bọ́ọ̀sì sí Hanti lónìí."

"Bọ́ọ̀sì ń dúró de àlejò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwọn màmá yẹn á wo ìsìn lórí fóònù."

"Fóònù wo? Màmá Cha tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ pa tẹlifíṣàn, ńṣe ló ń fa wáyà rẹ̀ yọ?"

Pásítọ̀ Tak rẹ́rìn-ín. "O tún ti dé. Bíṣọ́ọ̀bù àwọn ẹja."

Pyo kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. "Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan, má bínú. Ìgbà wo lo dá jókòó ti Jésù gbẹ̀yìn? Mi ò ní ìgbà wo lo wàásù nípa Rẹ̀."

"Min-gyu, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. O ti gbálẹ̀, o ti tẹ́ tábìlì, o ti pe gbogbo ayé síbi àsè. Onílé ló kù níta. O ò tiẹ̀ gbọ́ pé Ó ń kanlẹ̀kùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Pásítọ̀ Tak lára bí ẹ̀gún. Ó yíjú padà. "Torí pé ìjọ tìẹ ò kún, o wá ń fi aṣọ ìwà mímọ́ bo ìlara mọ́lẹ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?"

Pyo dìde wẹ́rẹ́. "Ó dáa. Màá jókòó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo ti bá ọ sọ ọ́, Jun-ha. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò sí lọ́rùn mi."

Ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Orin dùn, ìmọ́lẹ̀ aláràbarà ń yí po lórí pẹpẹ. Àlejò pàtàkì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìjọ ni gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn bá figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, igbe tí ìjọba fi ń kìlọ̀ ewu. Iná ti ṣẹ́ lórí òkè, atẹ́gùn sì ń tì í bọ̀.

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Àwọn mìíràn ti ń dìde.

Pásítọ̀ Tak gba máíkì. "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín. Ọ̀tá kò fẹ́ kí á ya ilé yìí sí mímọ́, ṣùgbọ́n a ó yà á sí mímọ́!"

"Àmín!" Gbọ̀ngàn mì tìtì. Wọ́n jókòó padà.

Ibẹ̀ ni Seo-in ti dìde ní ìjókòó iwájú, nínú aṣọ ìbílẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n rán fún ọjọ́ náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gun orí pẹpẹ lọ, ó sì fọwọ́ tọ́ ọkọ rẹ̀ ní apá.

"Bàbá Ye-dam," ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "Màmá Cha ló pè mí lórí fóònù ilé rẹ̀. Iná ti dé ẹ̀yìn Hanti."

Ó fi ọwọ́ bo máíkì. "Seo-in, kámẹ́rà ń wò wá."

"Ẹ jẹ́ kó máa wò. Wọn ò ní mọ́tò níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé wọn tẹ́lẹ̀ ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ."

"Panápaná ńkọ́?"

"Iná ti pín sí méjì, wọ́n ti lé èyí tó ń lọ síbi ìkópamọ́ gáàsì. Bọ́ọ̀sì wa ló sún mọ́ Hanti jù. Ẹ ní kí awakọ̀ máa lọ báyìí báyìí."

Pásítọ̀ Tak wo àlejò tó ń dúró láti máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó wo Alàgbà Bong tó ń mi orí sí i láti ìsàlẹ̀. "Kí a gba àdúrà ìyàsímímọ́ ná. Kò ní pẹ́."

Seo-in tẹjú mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ kò le, ó kàn dà bí ojú ẹni tó ń wá ènìyàn kan láàárín èrò. "Ọkùnrin tí mo bá wá sí Hanti ńkọ́? Ibo ló gbà lọ?"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, ó sì jáde. Pyo dìde lẹ́yìn, ó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹja ni wọ́n gbé gòkè.

Pásítọ̀ Tak rí i bí ilẹ̀kùn ṣe padé. Ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún àdúrà.

Wọ́n ti kọ àdúrà náà sílẹ̀ fún un. Ó ń yọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀rọ kan tí ìjọ kò lè rí. Ó kà á dé ibi tó ti ní, "Ìwọ tí etí Rẹ ṣí sí igbe àwọn tí wọn kò ní olùrànlọ́wọ́," ni iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ pátápátá.

Òkùnkùn dé. Gbọ̀ngàn tí kò ní fèrèsé di inú àpò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò atẹ́gùn wọlé. Ọmọdé kan sunkún. Obìnrin kan kígbe láti òkè pé, "Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún wa!" Àwọn mìíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ gbàdúrà! Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà!"

Pásítọ̀ Tak la ẹnu.

Kò rí nǹkan kan sọ.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ohùn wà. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Ó nawọ́ wá Ọlọ́run nínú òkùnkùn ọkàn ara rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tó padà sí ilé tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́, tí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà mọ́. Ó dúró níbẹ̀, apá rẹ̀ ṣì wà lókè. Nígbà náà ló mọ̀ dájú pé ó ti pẹ́ gan-an tí òun ti ń sọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí òun ń bá sọ ọ́.

Àwọn igbákejì rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn dì mọ́ ara wọn jáde.

Níta, ojú ọ̀run ti pọ́n bí epo. Eérú ń bọ́ sórí kóòtù dúdú àwọn àlejò. Alàgbà Bong sáré bá a. "Pásítọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ mi, kí á kó àwọn àlejò wa lọ sí èbúté."

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ."

"Àwọn àlejò ńkọ́, sà?"

"Bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó ni o fi ń dúró dè wọ́n, kó wọn síbẹ̀! Bong, kọ́kọ́rọ́!"

Ó wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ó pàdé ọkọ̀ ẹja Pyo tó ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn arúgbó há mọ́ra wọn lẹ́yìn bí ẹja nínú agbọ̀n, ojú wọn dúdú fún èéfín. Seo-in kò sí láàárín wọn.

"Ìyàwó mi dà?"

"Ó bọ́ sílẹ̀ kí àwọn yòókù lè ráyè," Pyo wí, ohùn rẹ̀ ti ha. "Òun, Màmá Cha, àti Bàbá Maeng ló kù. Mo fẹ́ já àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ kí n padà, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ti ń dí ọ̀nà. Jun-ha, má lọ! Jun-ha!"

Ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó mọ ọ̀nà àtijọ́ kan tó gba etí odò lọ sí Hanti, ọ̀nà tó máa ń gbà nígbà tí kò tíì ní ọkọ̀. Ọlọ́pàá kan pariwo pè é, kò wẹ̀yìn. Iná ń fò láti orí igi páìnì kan bọ́ sórí èkejì, èso páìnì tó ń jó sì ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí òkò. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Kóòtù olówó iyebíye tó rà fún ìyàsímímọ́ há sára ẹ̀ka igi, ó bọ́ ọ sọnù.

Ó bá Seo-in àti Màmá Cha lábẹ́ afárá kékeré tó wà lẹ́nu abúlé, wọ́n jókòó sínú omi odò títí dé àyà, wọ́n fi kúbùsù tútù bo orí. Ètè Seo-in ti di àwọ̀ aró.

"Bàbá Maeng dà?"

Ẹkún gbọn Seo-in. "Mo gbé e pọ̀n, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ní kí n mú Màmá sọ̀kalẹ̀ ná, pé kí n padà wá gbé òun. Nígbà tí mo padà, iná ti dí ọ̀nà mọ́ mi."

Pásítọ̀ Tak gun òkè odò. Ó rí ilé Bàbá Maeng. Òrùlé rẹ̀ ti wó sínú. Ooru gbá a lójú, irun ojú rẹ̀ jó. Ó gbìyànjú láti wọlé lẹ́ẹ̀kan, iná tì í padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Ó dúró, ó dẹ etí, ó ń gbàdúrà pé kí òun ṣáà gbọ́ ikọ́ kan. Ikọ́ tó lé jáde kúrò níwájú pẹpẹ Ọlọ́run, òun ló wá ń wá níbẹ̀ bí ẹni ń wá wúrà.

Iná nìkan ló ń dún.

Nígbà tó padà sábẹ́ afárá, iná ti yí gbogbo wọn ká. Afẹ́fẹ́ gbóná débi pé wọ́n ń fi kúbùsù bo imú kí wọ́n tó mí. Omi tutù, òkè ń jó. Màmá Cha di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà."

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. "Ọlọ́run Olódùmarè, Atóbijù tí ìtẹ́ Rẹ ga ju..."

"Rárá o," ìyá arúgbó náà wí. Kò pariwo. "Jun-ha, ọmọ mi. Kò sí máíkì níbí. Bá Bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

Kò pè é ní ọmọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú àgọ́ ata. Nǹkan kan fọ́ nínú ọkùnrin náà. Ó tẹ orí ba títí omi fi kan iwájú orí rẹ̀, ẹkún tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹkún tí wọ́n ń kọ́ lórí pẹpẹ.

"Jésù," ó wí. "Jésù, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti ń pe orúkọ Rẹ láti ọjọ́ yìí, mi ò bá Ọ sọ̀rọ̀. Mo fi Ọ́ wá òkìkí fún ara mi. Àwọn tí O fi lé mi lọ́wọ́, mo kó wọn pamọ́ kí ayé má baà rí wọn. Mo ti ṣe é kí Bàbá Maeng kú. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, Olúwa. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn Ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ Rẹ bá lè wẹ pásítọ̀ pẹ̀lú, wẹ̀ mí."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ń hó lórí afárá, kòǹkéré ń sán pẹ́pẹ́. Seo-in fi orí lé e léjìká. Màmá Cha ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ohùn rẹ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn."

Bí ó ti wù kó rí, wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò yè é. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Tak sọ fún Pyo lẹ́yìn náà pé inú omi yẹn, níbi tí òun ti ń retí ikú, ni òun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé Ẹnìkan ń gbọ́ òun.

Iná náà kọjá lọ sí apá òkun. Kí ọjọ́ tó rọ̀, àwọn panápaná já ọ̀nà wọlé, wọ́n sì fà wọ́n jáde lábẹ́ afárá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ̀n, wọ́n wà láàyè.

Wọ́n rí òkú Bàbá Maeng lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Pásítọ̀ Tak lọ bá ọmọbìnrin olóògbé náà, Hui-ju, ó sì wólẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ó ní, "Bàbá mi ti wọ kóòtù rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹnìkan ò sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ò ní wá. Wọ́n ń dúró de yín."

"Èmi ni mo pa á," Pásítọ̀ Tak wí.

"Mo mọ̀. Ẹ dìde. Kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kí ẹ kúnlẹ̀ fún."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò gun orí pẹpẹ. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo kámẹ́rà. Alàgbà Bong ti bá a ní ọ́fíìsì ṣáájú, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Pásítọ̀, kò sẹ́ni tó bi yín. Atẹ́gùn ló fa iná, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá tú àṣírí ara yín báyìí, ìjọ á tú ká."

"Bong, bó bá jẹ́ irọ́ mi ló so wọ́n pọ̀, jẹ́ kí wọ́n tú ká."

Ó dúró sílẹ̀, láàárín àwọn èèyàn, nínú súwẹ́tà lásán, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa bọ́ọ̀sì. Ó sọ ohun tí Seo-in bá a sọ, àti èsì tó fún un. Ó sọ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni òun kò ti gbàdúrà bí kò ṣe níwájú èèyàn. Ó ní, "Mo ti kọ́ yín bí a ṣe ń sin Ọlọ́run, èmi fúnra mi kò sìn ín. Mo wá sọ́dọ̀ Jésù bí ẹni tí kò wá rí. Ẹ bá mi tọrọ àánú." Ó sì fi ipò rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn alàgbà.

Àwọn kan jáde, ilẹ̀kùn sì gbá lẹ́yìn wọn. Àwọn kan pè é ní agàbàgebè lójú rẹ̀, kò jiyàn. Àwọn mìíràn dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni ọkùnrin kan ti kúnlẹ̀ sílẹ̀, obìnrin kan tẹ̀ lé e, títí gbogbo àwọn tó kù nínú gbọ̀ngàn fi wà lórí eékún, tí olúkúlùkù ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ fún Olúwa. Kò sí orin kankan. Alàgbà Bong ló pẹ́ jù kó tó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúnlẹ̀, òun náà ló pẹ́ jù kó tó dìde.

Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbà á. Ó padà sí Hanti pẹ̀lú Seo-in, ó ń bá àwọn arúgbó kó pàǹtírí ilé tó jó, ó ń bá wọn to búlọ́ọ̀kù. Ó pẹ́ kí àwọn ará Hanti tó ní kí ó wá máa ṣíwájú wọn nínú àdúrà. Wọn kò pọ̀. Ó tún ti mọ orúkọ gbogbo wọn. Hui-ju kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Pásítọ̀ Tak kò sì fipá mú un. Ó ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ pé ìdáríjì Ọlọ́run kì í sọ pé gbèsè kò sí rí. Kristi ló san án, ẹ̀mí Rẹ̀ ló sì fi san án.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi?

Bóyá pásítọ̀ ni ọ́. Bóyá alàgbà, tàbí olórí akọrin, tàbí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn èèyàn ń pè ọ́ ní ẹni Ọlọ́run. Mi ò bi ọ́ bóyá ìjọ rẹ kún. Mi ò bi ọ́ bóyá o mọ ìwàásù ṣe. Bí gbogbo ìyẹn bá kúrò lọ́wọ́ rẹ ní ọ̀sán òní, ṣé ìwọ àti Jésù yóò rí ọ̀rọ̀ bá ara yín sọ?

Má ṣe dúró de iná. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí iná bá ló ń rí odò sá sí. Má sì sọ pé o ti jìnnà jù, pé ojú yóò tì ọ́ bí àwọn èèyàn bá gbọ́. Ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú ní gbangba, lójú ọ̀tá àti lójú ọ̀rẹ́, kò ní tijú rẹ. Ó kú fún ọ̀mùtí, Ó kú fún olè, Ó sì kú fún oníwàásù tí ọkàn rẹ̀ ti tutù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Tàbí bóyá ìwọ kì í ṣe oníwàásù rárá, tí ò ń sọ nínú ọkàn rẹ pé, "Bí pásítọ̀ bá lè rí báyìí, kí ni mo ń wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Má fi ìṣubú ẹlòmíràn ṣe ìrọ̀rí sùn. Ìwọ náà ní ọkàn kan ṣoṣo. Jésù tó gbọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ afárá ń gbọ́ ọ níbi tí o jókòó sí.

Bá A sọ̀rọ̀ ní èdè tí o fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Sọ ohun tí o ṣe, má ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Sọ pé, "Olúwa Jésù, mo ti ṣìnà. Mo yí padà sọ́dọ̀ Rẹ. Dárí jì mí, kí O sì di Olúwa mi lóòótọ́." Kò gba kí o mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Má gbé ìwé yìí sílẹ̀ láìṣe é. Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ, dá a dúró. Bí èèyàn bá wà lọ́dọ̀ rẹ, tọrọ gáfárà. Wá ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, kí o sì kúnlẹ̀ nísinsìnyí.